Èbù Kì Í Ṣe Ìkórè: Ìròyìn Ilé-Iṣẹ́ Ìmọ̀-Ẹ̀rọ Lásìkò Ọ̀dá Owó



Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn oṣù Ògún ọdún 2016, ìròyìn ńlá méjì tẹ̀ lé ara wọn ní Nàìjíríà. Ní ọjọ́ 30, Mark Zuckerberg, ẹni tó dá Facebook sílẹ̀, ṣàdédé yọ sí Yábàá ní Èkó. Ó wọ CcHUB, ilé tí àwọn ilé-iṣẹ́ ìmọ̀-ẹ̀rọ tuntun ti ń dàgbà, ó bá àwọn ọmọdé tó ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà níbẹ̀ sọ̀rọ̀, ó sì fẹsẹ̀ rìn láàárín ìgboro. Àwòrán rẹ̀ gba ojú-ewé ìwé ìròyìn kan. Ní ọjọ́ 31, iléeṣẹ́ ìṣirò ìjọba àpapọ̀, NBS, gbé òǹkà tirẹ̀ jáde: ọrọ̀ ajé wa ti fi ìdá 2.06 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀yìn láàárín oṣù mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀kejì léraléra sì nìyẹn. Nàìjíríà ti wọ inú ọ̀dá owó, irú èyí tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Yábàá kò tíì rí rí láti ìgbà tí wọ́n ti dáyé.

Inú ìwé ìròyìn kan náà ni ìròyìn méjèèjì wà, àmọ́ ojú-ewé wọn yàtọ̀, kò sì sí ẹni tó fi ọ̀kan bi èkejì léèrè. Lójú-ewé ọrọ̀ ajé, owó epo rọ̀bì ti já, dọ́là ti di ọ̀wọ́n, àwọn ilé-iṣẹ́ ń dá òṣìṣẹ́ dúró. Lójú-ewé ìmọ̀-ẹ̀rọ, ayọ̀ ni ṣáá. Oṣù méjì péré ṣáájú ìgbà náà ni àjọ tí Zuckerberg àti ìyàwó rẹ̀ dá sílẹ̀ léwájú àwọn tó fi mílíọ̀nù 24 dọ́là sínú Andela, ilé-iṣẹ́ tó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ẹni tó bá ka ojú-ewé kan tí kò ka èkejì á rò pé orílẹ̀-èdè méjì ló ń jẹ́ Nàìjíríà.

Ohun kan ṣoṣo ni mo ní í sọ lónìí, mo sì fẹ́ sọ ọ́ kó yéni yékéyéké. Nígbà tí owó bá pọ̀ nílùú, a lè fàyè gba oníròyìn tó bá ń ka iye tí olùdókòwò kó fún ilé-iṣẹ́. Nígbà tí owó bá gbẹ, ìròyìn yẹn kò tó mọ́, ó tilẹ̀ lè ṣi èèyàn lọ́nà. Ẹni tó ń sanwó fún ọjà ilé-iṣẹ́ náà, irú owó tó fi ń san án, àti ẹni tí ìyà máa jẹ bí ilé-iṣẹ́ náà bá kógbá sílé, àwọn wọ̀nyí ni ìròyìn.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ti gba ojú iná yìí kọjá ṣáájú wa. Ní ọjọ́ 10 oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2000, òǹkà Nasdaq, tí wọ́n fi ń mọ bí ìpín-ìdókòwò àwọn ilé-iṣẹ́ ìmọ̀-ẹ̀rọ ṣe ń lọ, gòkè dé téńté, ó kọjá 5,000. Nígbà tó fi máa di oṣù Ọ̀wàrà 2002, ó ti pàdánù ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin lọ. Ilé-iṣẹ́ kan wà nígbà náà tó ń jẹ́ Pets.com, oúnjẹ ajá àti ti ológbò ló ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní oṣù Èrèlé 2000 ló kó mílíọ̀nù 82 dọ́là jọ lọ́jà ìpín-ìdókòwò. Oṣù Bélú ọdún yẹn kan náà ló ti ilẹ̀kùn. Iye tó ń ta ọjà rẹ̀ kò ká iye tó fi ń rà á, ká má tíì sọ owó tó fi ń gbé e dé ẹnu ọ̀nà oníbàárà. Ìṣirò náà kò sì pa mọ́. Àdánù rẹ̀ wà nínú ìwé tí òun fúnra rẹ̀ kọ sílẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìpín. Ṣùgbọ́n ọmọlangidi ajá tó fi ń polówó ọjà ni àwọn oníròyìn ń gbé kiri, òun ni gbogbo ayé mọ̀.

Amazon náà fara gbọgbẹ́ nígbà yẹn. Owó ìpín rẹ̀ wálẹ̀ ju ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá lọ. Ohun tó kó o yọ kò ní ìyanu nínú: àwọn èèyàn ń ra ìwé lọ́dọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́, ó sì ti yá 690 mílíọ̀nù yúrò ní Yúróòpù ní oṣù Èrèlé 2000, kó tó di pé ọjà dojú dé. Ká ní ó fi oṣù díẹ̀ sí i falẹ̀ ni, bóyá ìtàn mìíràn là bá máa sọ nípa rẹ̀. Oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn ọdún 2001 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ jèrè fún ìgbà àkọ́kọ́. Mo sọ èyí nítorí pé a máa ń pìtàn àwọn tó yè é bí ẹni pé ọgbọ́n nìkan ló gbà wọ́n. Àsìkò wà níbẹ̀, orí sì wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá sílé. Báwo ni èlé tí wọ́n fi kún lówó ní Washington ṣe ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ Yábàá? Láti ìgbà tí àrùn Kòrónà ti bẹ́ sílẹ̀ ní 2020 ni báǹkì àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti fi èlé sí ẹ̀bá òdo. Àwọn tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì àwọn òṣìṣẹ́, àwọn yunifásítì tó ní owó ìpamọ́, àwọn ìdílé olówó, gbogbo wọn rí i pé báǹkì kò mú nǹkan kan wá fún wọn. Wọ́n gbé owó lọ síbi tó léwu tó sì lè pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Apá kan rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ àwọn olùdókòwò tó ń wá ilé-iṣẹ́ tuntun kiri, díẹ̀ nínú apá yẹn sì ṣàn dé Èkó, Nàìróbì àti Káírò. Ní oṣù Ẹrẹ́nà 2022 ni báǹkì yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èlé sókè. Nígbà tó di oṣù Agẹmọ 2023, ó ti kọjá ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ìjọba Amẹ́ríkà bá lè san ìdá márùn-ún fún ọ kí o sùn kí o hanrun, kí lo fẹ́ gbé owó rẹ wá ṣe lójú títì Herbert Macaulay ní Yábàá?

Owó náà gbẹ lójú wa báyìí. Ní oṣù Èrèlé 2022, nígbà tó ku oṣù kan kí èlé bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, Flutterwave, tó ń bá àwọn oníṣòwò gba owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, gba 250 mílíọ̀nù dọ́là, wọ́n sì díwọ̀n ilé-iṣẹ́ náà sí ohun tó ju bílíọ̀nù mẹ́ta lọ. Ní oṣù Bélú ọdún yẹn, Meta tó ni Facebook dá òṣìṣẹ́ tó ju 11,000 dúró. Google sọ ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2023 pé 12,000 ni tòun. Ní ọjọ́ 10 oṣù Ẹrẹ́nà, àwọn aláṣẹ Amẹ́ríkà ti Silicon Valley Bank pa, báǹkì tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tuntun ń kó owó sí. Owó àwọn ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà kan há síbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Partech, tó máa ń ka owó tó ń wọ àwọn ilé-iṣẹ́ ìmọ̀-ẹ̀rọ tuntun ní Áfíríkà lọ́dọọdún, ka bílíọ̀nù 6.5 dọ́là fún 2022. Fún 2023, bílíọ̀nù 3.5 ló kà.

Owó olùdókòwò jọ èbù iṣu. Ẹni tó lọ gba èbù lọ́wọ́ ẹlòmíràn, tó sì fi ìpín nínú oko ṣe àdéhùn, kò tíì kórè ohunkóhun. Ó ní ilẹ̀ tó fẹ́ gbin, ó ní àdéhùn tó gbọ́dọ̀ mú ṣẹ, ó sì ń wojú òjò. Kò sí abúlé tí wọ́n ti ń lu ìlù ọdún ìjẹṣu lọ́jọ́ tí wọ́n gba èbù. Àwa oníròyìn lu ìlù náà fún ọdún bíi mẹ́fà. Gbogbo èbù tó wọ Yábàá la fi ijó pàdé, a sì ń kọ́ àwọn ọmọ wa pé ẹni tó gba èbù tó pọ̀ jù ni àgbẹ̀ ńlá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá burú fún wa ju àwọn ará Amẹ́ríkà lọ ni ti náírà. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Ká ní ilé-iṣẹ́ kan ń gba 4,700 náírà lóṣù lọ́wọ́ oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní oṣù Èbìbí 2023. Nǹkan bí 470 náírà ni wọ́n ń ṣẹ́ dọ́là kan ní báǹkì nígbà náà, nítorí náà dọ́là mẹ́wàá ni owó yẹn. Ní ọjọ́ 14 oṣù Òkúdù, Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà jọ̀wọ́ náírà fún ọjà. Kí oṣù Èrèlé 2024 tó tán, dọ́là kan ti kọjá 1,500 náírà. Oníbàárà yẹn kò sá, kò sì dín owó kù, síbẹ̀ owó rẹ̀ ti di dọ́là mẹ́ta àti díẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà ì báà rí oníbàárà ìlọ́po méjì láàárín oṣù mẹ́sàn-án yẹn, ìwé ìṣirò tó ń fi ránṣẹ́ sí olùdókòwò ní dọ́là á ṣì máa sọ pé ó ń rẹ̀yìn. Ibi tó sì ń kó iṣẹ́ rẹ̀ pamọ́ sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, dọ́là ni wọ́n fi ń kọ owó rẹ̀. Èyí ni ohun tó ń pa ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tí a ń kọ nípa wọn pé ọ̀gá wọn kò mọ iṣẹ́. Àwọn kan kò mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Àwọn mìíràn mọ̀ ọ́n, náírà ló wó mọ́ wọn lórí.

Ẹ fi ti epo bẹntiróò kún un. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù Èbìbí 2023, jálá kan kúrò ní ìsàlẹ̀ 200 náírà, ó fò lọ sí nǹkan bí 500 láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ọmọkùnrin tó ń fi alùpùpù gbé oúnjẹ kiri ni ó kọ́kọ́ bá. Kí ọdún yẹn tó parí, Bolt Food ti kúrò ní Nàìjíríà, Jumia sì ti kéde pé òun yóò pa ẹ̀ka oúnjẹ òun tì. 54gene, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2019 kí ẹ̀jẹ̀ àti ìran àwa aláwọ̀ dúdú lè wà nínú ìwádìí ìṣègùn, tó ti gba mílíọ̀nù 45 dọ́là, òun náà kógbá sílé lọ́dún yẹn. Ìyẹn dùn mí ju ti oúnjẹ lọ. Ẹlòmíràn lè gbé oúnjẹ fún wa. Ilé ìwádìí tó ń kó àpẹẹrẹ ẹ̀jẹ̀ wa jọ, tó sì ní irin-iṣẹ́ àti àwọn onímọ̀ tó ń yẹ̀ ẹ́ wò ní ilẹ̀ wa níbí, kì í ṣe nǹkan tí ọjà máa dìde ní àárọ̀ ọjọ́ kejì láti fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìjọba ló yẹ kó jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ yunifásítì wa ló yẹ kó jẹ́, àwọn olùdókòwò ilẹ̀ òkèèrè la sì gbé e lé lọ́wọ́.

Mo bẹ yín, ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi nídìí iṣẹ́ ìròyìn, nígbà tí ẹ bá ń kọ ìròyìn ìdádúró òṣìṣẹ́, ẹ má fi iye wọn nìkan sílẹ̀. Ẹ béèrè bóyá wọ́n san owó oṣù tó kẹ́yìn. Ẹ béèrè bóyá owó ìfẹ̀yìntì tí wọ́n ń yọ lára owó oṣù wọn dé ibi tó yẹ kó dé. Ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí gba owó oṣù tó kéré nítorí pé wọ́n ṣèlérí ìpín nínú ilé-iṣẹ́ fún wọn. Ẹ béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìlérí yẹn.

Mo fẹ́ dúró pẹ́ díẹ̀ lórí oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ọdún 2023, nítorí ibẹ̀ la ti rí ojú ìmọ̀-ẹ̀rọ tí àwòrán kò fi hàn wá. Báǹkì Àpapọ̀ ti sọ pé kí a dá owó 200, 500 àti 1,000 náírà àtijọ́ padà, tuntun kò sì tó. Ẹni tó ní owó ní báǹkì kò rí owó mú lọ sọ́jà. Àwọn èèyàn ń sùn sẹ́nu ọ̀nà báǹkì. Áàpù àwọn báǹkì ńlá dákú: o fi owó ránṣẹ́ láàárọ̀, alátà kò rí i títí ilẹ̀ fi ṣú, ọjà rẹ̀ sì ń jẹrà níwájú rẹ̀. Àwọn oní-POS ń gba ọgọ́rùn-ún méjì, mẹ́ta lórí ẹgbẹ̀rún kan. Lákòókò yẹn ni àwọn ìyá wa bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nọ́ńbà àkáǹtì OPay, PalmPay tàbí Moniepoint sára páálí, wọ́n gbé e kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ agbọ̀n tòmátì, torí pé èyí tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ síbẹ̀ ń dé. Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ ní ọjọ́ 3 oṣù Ẹrẹ́nà pé kí a máa ná owó àtijọ́ lọ. Owó padà sígboro, àmọ́ páálí yẹn kò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbọ̀n.

Ìyà tó jẹ àwọn ará ọjà nígbà yẹn kò ṣeé yìn, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ sọ pé ó dára nítorí pé ilé-iṣẹ́ kan rí oníbàárà nínú rẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tó ti ń ṣe iṣẹ́ tí kò ní ariwo ni ìṣòro bá ní ìmúra. Moniepoint, tó ń jẹ́ TeamApt tẹ́lẹ̀, ti ń ṣiṣẹ́ láti 2015. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló kọ́kọ́ ń ṣe fún àwọn báǹkì, kó tó yí sí ọ̀dọ̀ àwọn oní-POS àti àwọn oníṣòwò kéékèèké. Ojú-ewé ìmọ̀-ẹ̀rọ kò fi bẹ́ẹ̀ ya àwòrán agbòòrùn POS nígbà náà. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà gba 110 mílíọ̀nù dọ́là ní oṣù Ọ̀wàrà 2024, tí ọ̀dá ṣì mú gbogbo àyíká, ariwo sọ. Iṣẹ́ tó fa owó náà ti wà lójú ọ̀nà tipẹ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni PiggyVest. Ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 2015, ẹnì kan gbé àwòrán kóló onígi sórí Twitter: obìnrin kan ti ń fi ẹgbẹ̀rún náírà sínú rẹ̀ lójoojúmọ́ fún odidi ọdún kan. Àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta tó jáde ní Yunifásítì Covenant ní Ọ̀tà rí i, wọ́n sì ṣe kóló náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì níbẹ̀rẹ̀ 2016. Ọdún ọ̀dá ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Zuckerberg ń rìn ní Yábàá, oṣù mélòó kan ni iṣẹ́ wọn, kò sì sí akọ̀ròyìn tó fi bẹ́ẹ̀ kà wọ́n sí. Ọdún 2018 ni wọ́n tó gba owó olùdókòwò tó kọjá mílíọ̀nù kan dọ́là. Owó àwọn èèyàn tí wọ́n ń bá tọ́jú ni wọ́n fi mọ̀ pé iṣẹ́ náà ń rìn. Ẹni tó bá ti lọ bá àwọn oníbàárà wọn sọ̀rọ̀ ní 2016 ì bá rí ìròyìn tó ju ti àlejò Amẹ́ríkà lọ: ì bá rí i pé nígbà tí owó wọ́n, ohun tí ọ̀dọ́ Nàìjíríà ń wá ni ibi tí ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ kò ti ní í tètè tó owó òun.

Mo gbọ́dọ̀ fún àwọn tó tọ́ sí ìyìn ní ìyìn. Àwọn ìwé ìròyìn ìmọ̀-ẹ̀rọ bíi TechCabal àti Techpoint Africa yí padà lásìkò ọ̀dá yìí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nípa ilé-iṣẹ́ tó kógbá sílé, òṣìṣẹ́ tí wọn kò sanwó fún, àti ìṣirò tí kò jọra. Àwọn ọ̀dọ́ ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn, ó sì gba ìgboyà, torí pé àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ nípa wọn ni wọ́n ń bá pàdé níbi àpèjẹ. Ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo rẹ̀. Àwọn tó kọ nọ́ńbà àkáǹtì sára páálí kò kà á.

Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ bá ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ìròyìn Yorùbá sọ̀rọ̀ gan-an. Ní 1859 ni àlùfáà Henry Townsend ti ń tẹ Ìwé Ìròyìn jáde ní Abẹ́òkúta fún àwọn Ẹ̀gbá àti Yorùbá, nígbà tí ọ̀rọ̀ òwú ń gbóná ní ìlú náà. Kò sí ìdí tí àwa òde òní kò fi lè sọ ọ̀rọ̀ òwò ní èdè wa. Láàárọ̀, tí ẹ bá ń ka kókó inú ìwé ìròyìn lórí rédíò, ọ̀rọ̀ òṣèlú lẹ fi ń bẹ̀rẹ̀, òun náà lẹ fi ń parí. Àwọn awakọ̀, àwọn aránṣọ, àwọn alájàpá ń gbọ́ yín. Inú fóònù wọn ni owó wọn wà báyìí.

Ní oṣù Igbe 2024, Báǹkì Àpapọ̀ dá OPay, Moniepoint, PalmPay àti Kuda dúró pé kí wọ́n má ṣí àkáǹtì tuntun mọ́. Oṣù Òkúdù ló tó tú wọn sílẹ̀. Láàárín ìgbà yẹn, àhesọ gba ọjà kan pé wọ́n fẹ́ gbẹ́sẹ̀ lé owó, àwọn kan sì sáré kó tiwọn jáde. Ní oṣù Èbìbí, nígbà tí àhesọ yẹn ṣì ń jà, àjọ NDIC tó máa ń san owó padà fún oníbàárà tí báǹkì rẹ̀ bá kú kéde òǹkà tuntun. Ẹni tó fi owó sí báǹkì ńlá, mílíọ̀nù márùn-ún náírà ni òpin ohun tí wọ́n lè san fún un, kì í ṣe ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ti tẹ́lẹ̀. Ẹni tó fi sí báǹkì kéékèèké, irú ìwé àṣẹ tí Moniepoint àti Kuda fi ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, mílíọ̀nù méjì ni, ó ti kúrò ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba. Ti àwọn tó ní àṣẹ owó orí fóònù nígbà náà, bíi OPay àti PalmPay, di mílíọ̀nù márùn-ún.

Ẹ̀yin olóòtú, ẹ jọ̀wọ́, nígbà tí ẹ bá padà sí ibi iṣẹ́ ní ọ̀la, ẹ yẹ àkọsílẹ̀ oṣù Èbìbí 2024 wò. Bí ẹ kò bá rí òǹkà mẹ́ta yìí nínú rẹ̀ ní èdè Yorùbá, ìyá alátà kò tíì gbọ́ ọ. Ẹ kà á fún un ní àárọ̀ ọ̀la, kẹ́ ẹ tó dé orí ọ̀rọ̀ òṣèlú, kẹ́ ẹ sì ṣàlàyé fún un irú àṣẹ tí áàpù tó ń lò ní.